Ìparí Tí Tíṣà Kà fún Ìyá Mọ́nsúrù

Bí Tíṣà Mọ́níkẹ́ bá ka ìwé tó dùn, inú rẹ̀ kì í gbà á. Gbogbo wa ní Ìgbẹ̀ìn, l'Abẹ́òkúta, la mọ èyí. O lè máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ láti ra ata, kí ó dá ọ dúró lójú ọ̀nà, kí ó kí ọ, kí ó béèrè ará ilé, kí o sì tó dáhùn tán ó ti bẹ̀rẹ̀: "Mo ti rí ọ̀kan o." Ìwé ló ń wí. Ata rẹ á dúró dè ọ́ títí adájọ́ inú ìwé á fi dájọ́ tán. Àwọn kan máa ń gba ẹ̀yìnkùlé nítorí rẹ̀. Àlùfáà ìjọ wa pàápàá, ẹni tí Ọlọ́run fún ní sùúrù, a máa wo aago ọwọ́ rẹ̀ bó bá ti rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1979. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Olúmidé ọmọ rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìwé ló kún ilé. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó ń padà sílé ló fi àwọn kan sílẹ̀ fún un. Àwọn yòókù, ó rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sẹ́bàá ọ̀nà l'Ékòó. Kì í tì wọ́n mọ́lé. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, á yá a, ẹni tí kò béèrè náà, á yá a. Ó gbà pé ìwé tí ènìyàn dá nìkan kà kò tíì dùn tán, ó di ìgbà tí ó bá rí ẹni tí yóò bá sọ ọ́.

Nínú gbogbo àdúgbò, ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sá fún un. Asiata aláró ni, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Mọ́nsúrù. Ó kéré sí Tíṣà díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Kò mọ̀wé, àfi kéú tí wọ́n kọ́ ọ ní kékeré, èyí tó fi ń kírun. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á sì máa fi ya ọnà sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ náà tán, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà á yọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí àwọn tó ń bá a rẹ aṣọ bá ti lọ sílé, Tíṣà á gbé ìwé dé, á jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá. Gẹ̀ẹ́sì ni ojú rẹ̀ ń kà, Yorùbá ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ìyá Mọ́nsúrù á máa ya ọnà rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ Tíṣà. Ẹ má rò pé ó ń dákẹ́ o. Ó ń bá àwọn ará inú ìwé jà ni.

"Ẹ dúró ná. Ọkùnrin yìí rí i pé ojú ìyàwó òun ti yí padà, kò wá bi í?"

"Kò bi í."

"Ìyà tó bá jẹ ẹ́ tọ́ sí i nígbà náà. Ẹ máa kà á lọ."

Tíṣà máa ń sọ fún wa pé nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́ láti ìgbà tí òun ti ń mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò sí ẹni tó mọ ìwé gbọ́ tó obìnrin tí kò mọ̀wé yìí. Ó máa ń dun àwa tí a ka ìwé mẹ́fà bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ibi tó wá dùn sí ni pé ìwé kì í parí sínú àgbàlá yẹn. Bí wọ́n bá ti ka ọ̀kan tán, Ìyá Mọ́nsúrù á yà á sára aṣọ. Ìwé adájọ́ tó rán ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n di àga méjì tó kẹ̀yìn síra. Ìwé ọ̀dá òjò di ẹyẹ tó lanu sókè. Á kó wọn lọ sí ọjà Ìtòkú, oníbàárà á sì béèrè pé kí lorúkọ ọnà yìí, nítorí kò sí ọnà àdìrẹ tí kì í lórúkọ. Ìyá Mọ́nsúrù á wá fa ìjókòó fún un, á máa sọ ìtàn náà, á sì dúró síbi tó dùn jù títí oníbàárà á fi mú aṣọ. Obìnrin kan ró Àga Méjì wá láti Òdèdá lọ́jọ́ kan, ó ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà kiri ní Ìgbẹ̀ìn pé níbo nilé ìyá oníwèé. Ó fẹ́ yá ìwé adájọ́ náà fún àbúrò rẹ̀ tó mọ̀wé. Tíṣà kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ayọ̀. Ẹni tí òun kò mọ̀ rí, ní ìlú tí òun kì í dé, ń jókòó ti ìwé tí òun fẹ́ràn. Ó sọ fún gbogbo wa títí ó fi sú wa.

Báyìí ni wọ́n ń gbádùn ara wọn kí wọ́n tó kan ìwé Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mọ́nsúrù. Òun ni àkọ́bí Asiata. Ọmọ mọ́tò ni, ó bá tírélà kan lọ sí òkè Ọya lọ́dún 1978. Ẹnì kan rí i ní Gúsáù, ó ní Mọ́nsúrù ní kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Láti ìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó bá lọ kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Wọ́n bi àwọn awakọ̀, wọ́n ṣe sàráà, wọ́n gbàdúrà, pàbó ló já sí. Ìyá rẹ̀ kì í sábà dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ á gbá yàrá ọmọ náà, á na aṣọ ibùsùn rẹ̀ sínú oòrùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jẹ́ sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má dé mọ́. Nílé wa níbí, bí ènìyàn bá kú pàápàá, a máa ń ní ara rẹ̀ kò yá ni, a máa ń ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, títí a óò fi rí àgbà tí yóò rọra sọ ọ́. Èyí tí a kò wá mọ̀ bóyá ó kú ńkọ́? Ta ni yóò la ẹnu rẹ̀ sí i?

Lọ́dún 1980 ni Tíṣà mú ìwé náà dé. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya kúrò, orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì ti bá a lọ. Ìtàn ìyá kan ni, ní ìlú kan tí yìnyín ti ń bọ́, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ọ̀nà jíjìn láti lọ wa èédú tí kò sì padà. Ìyá náà gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú títì. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Mọ́nsúrù ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. Ó ṣẹlẹ̀ pé Tíṣà kò mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó fi máa yé e, ó ti pẹ́ jù láti gbé ìwé mìíràn dé, nítorí Ìyá Mọ́nsúrù ti gba ìtàn náà mọ́ra. Kì í bá wọn jà nínú èyí. Á kàn máa ya ọnà rẹ̀, á máa mi orí.

Nígbà tó ku Sátidé kan kí wọ́n parí, Tíṣà jókòó nílé ara rẹ̀, ó ka ìparí náà sílẹ̀. Ọmọ náà kò dé. Ìwé náà kò tilẹ̀ sọ bóyá ó kú tàbí ó yè. Bí òtútù ti ń lọ, ìyá náà dìde lórí àga, ó mú kóòtù ọmọ rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ sílé àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá odò. Tíṣà sunkún. Ó wo ìwé náà títí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé irú ìparí wo nìyí? Kí òun gbé èyí lọ ka fún obìnrin tó ń na aṣọ ibùsùn ọmọ rẹ̀ sóòrùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Kí òun sọ fún un pé kó dìde?

Ní Sátidé, ó ṣí ìwé náà síbi tó yẹ. Ojú rẹ̀ wà lórí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń ṣí ewé lásìkò tó yẹ kó ṣí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò sí níbẹ̀. Ó ní ọmọ náà ń bọ̀ láti òkèèrè, yìnyín mù ún dé orúnkún. Ó ní ó rí iná nínú ilé, ó rí ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú yìnyín. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ gbọ́ o, òyìnbó! Ó ní, "Màmi, mo bá yín nílé." Tíṣà pa ìwé dé.

Ìyá Mọ́nsúrù ti ju ìyẹ́ sílẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ "Alihamudulilahi" léraléra. Ó ní, "Tíṣà, Ọlọ́run ló rán yín sí mi." Tíṣà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ ba òun lẹ́rù.

Ẹ má tíì bú u. Ohun tó ṣe ni àwa náà ì bá ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ọbẹ̀ tí a lè bu omi là nítorí pé a rò pé ata ti pọ̀ jù fún àlejò.

Kí oṣù tó parí, aṣọ ti jáde. Ẹnu ọ̀nà ni ó yà sára rẹ̀, àga nínú ẹnu ọ̀nà náà, àti ẹsẹ̀ ènìyàn tó ń bọ̀ láti gbogbo igun aṣọ. Ó sọ ọ́ ní Mo Bá Yín Nílé. Kò sí àdìrẹ rẹ̀ kan tó tà tó o. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n rà á, èyí tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun tí kò kọ̀wé sílé rà á, ìyàwó pásítọ̀ kan rà á nítorí ó ń wá ọmọ. Ìyá Mọ́nsúrù ń sọ ìtàn náà fún gbogbo wọn, kò sì dúró síbì kankan mọ́, ó ń sọ ọ́ títí dé ìparí, nítorí ìparí gan-an ni ọjà. Bí Tíṣà bá ti ń kọjá lójú títì, ó ń rí irọ́ ara rẹ̀ lára àwọn ènìyàn, wọ́n ró o, wọ́n fi pọn ọmọ. Obìnrin tí ń dá wa dúró lọ́nà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìnkùlé.

Bó bá jẹ́ pé orí aṣọ ló mọ, bóyá à bá máa fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n Ìyá Mọ́nsúrù ní ọmọ mìíràn tí a mọ̀ pé ó wà láàyè, tó sì ń fẹ́ rí i. Adébímpé ni, obìnrin. Ó ti lọ sílé ọkọ ní Kọ́bapẹ́, Sàlàhúdíìnì ọkọ rẹ̀ sì ń ta pákó lẹ́bàá ọ̀nà Ṣàgámù. Lọ́dún 1981 ó bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá ni í wá wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, tí í wá se omi gbígbóná, tí í wá jẹ́ kí ó sùn. Sàlàhúdíìnì fúnra rẹ̀ wá mú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyá Mọ́nsúrù dé ibi ìkómọ, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó sì padà sí Ìgbẹ̀ìn lọ́jọ́ náà gan-an.

"Bó bá dé tí kò bá mi nílé ńkọ́?" ló sọ fún Adébímpé.

"Màmi, ẹ fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò kan ṣoṣo lèèyàn ń wọ̀ láti Kọ́bapẹ́ dé Abẹ́òkúta."

"Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá ti dìde ni, ta ni ọmọ rẹ̀ ì bá bá?"

Ìyá ọkọ ló wẹ ọmọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Mọ́nsúrù ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Tíṣà bí ẹni tó ń ròyìn ìdúróṣinṣin ara rẹ̀. Tíṣà la ẹnu láti sọ ọ́, oníbàárà kan sì wọlé wá, ó pa ẹnu dé. Oníbàárà náà lọ, kò tún ẹnu là mọ́. Ó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe àánú mọ́. Bí ó bá sọ ọ́, ó lè pàdánù ọ̀sán Sátidé, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè bá a ka ìwé bí obìnrin yìí. Olúmidé kì í kàwé. Àwa ń sá.

Adébímpé bí ọmọ kejì, ara rẹ̀ kò sì yá fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìbímọ náà. Wọ́n wá pe ìyá rẹ̀. Ó lọ láàárọ̀, ó padà nírọ̀lẹ́. Adébímpé kò ránṣẹ́ pè é mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bí Iléyá bá dé, á fi ẹran ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò ní wá. Ìyá Mọ́nsúrù sọ fún wa pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. A gbà bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ní ọdún 1985, ní ọjọ́ kan tí kì í ṣe Sátidé, Adébímpé wá kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó kàwé dé ilé ẹ̀kọ́ módà, iṣẹ́ akọ̀wé ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yá mi ní ìwé tí màmá mi fi ń bá mi jà."

Tíṣà lè sọ pé ó ti sọnù. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò fi ìwé du ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì mọ bí a ti í ṣe é. Ó mú un fún un. Ó ní òun jókòó sórí ibùsùn lẹ́yìn tí Adébímpé lọ, òun kò sì rántí ohun tí òun fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Adébímpé máa fi dá a padà, ó ti fi náílọ́ọ̀nù wé e dáadáa. Ó gbé e sórí tábìlì, kò sì wo ojú Tíṣà.

"Ìwé náà dára púpọ̀ mà. Mo rò pé bóyá ewé kan ti já bọ́ nínú èyí tí ẹ yá mi."

Ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àgbà kó gba ibẹ̀ jáde. Tíṣà wo ilẹ̀kùn náà, kò sì lè gba ibẹ̀.

"Ewé kankan kò já bọ́, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ fi kún un."

"Èmi ni."

Adébímpé kò pariwo. "Mà, mi ò lè sọ fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi nítorí tara mi ni. Ẹ̀yin lẹ kà á fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tún un kà."

Wọ́n ní gbogbo òtòkùlú ló pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Tíṣà lọ ní Sátidé náà. Ìyá Mọ́nsúrù ń ya ẹnu ọ̀nà sára aṣọ tuntun, nítorí oníbàárà kò yéé béèrè rẹ̀. Tíṣà kò jókòó. Ó ní bí òun bá jókòó, òun kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Ìyá Mọ́nsúrù, ọmọ obìnrin yẹn kò dé."

"Obìnrin wo?"

"Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ kò dé nínú ìwé. Èmi ni mo mú un dé."

Ìyá Mọ́nsúrù fi ìyẹ́ sínú ẹ̀kọ, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó wo Tíṣà bíi pé èdè mìíràn ló ń sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kà á."

Tíṣà kà á. Kò fò ó, kò fi kún un. Ó ka bí ìyá náà ṣe mú kóòtù ọmọ rẹ̀ fún ọmọ aládùúgbò nítorí òtútù ń mú un. Ó ka bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn. Ó ka bí ó ṣe rin ẹ̀bá odò lọ sílé àbúrò rẹ̀, tí ilé sì dákẹ́ nígbà tó wọlé, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò sọ fún un. Ìyá náà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó béèrè garawa lọ́wọ́ wọn, ó ní òun fẹ́ lọ pọnmi. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí.

"Garawa ló béèrè?"

"Garawa ló béèrè."

"Ẹ tún ibẹ̀ kà."

Tíṣà tún ibẹ̀ kà. Ìyá Mọ́nsúrù jókòó tí kò mira, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró lórí itan rẹ̀.

"Èyí dára ju tiyín lọ," ló wí.

Tíṣà sọ fún mi pé ìyẹn dun òun ju èébú lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Ó ní àánú ló ṣe òun, ó ní òun rò pé kò ní lè gbà á.

"Àánú." Ìyá Mọ́nsúrù gbé ọ̀rọ̀ náà wò. "Ẹ ka ti adájọ́ fún mi, ẹni tó pokùnso nínú rẹ̀, ẹ kò já a sílẹ̀. Gbogbo òkú tó wà nínú ìwé yín lẹ kà fún mi. Ìgbà tó wá kan èmi, ẹ sọ mí di ọmọdé. Adébímpé dùbúlẹ̀ àìsàn, mo padà sílé wá jókòó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, n kò wẹ̀ ẹ́ rí."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín. Adájọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé òun ló rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n lóòótọ́?"

"Òun ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹyẹ inú ọ̀dá yẹn, ṣé òjò rọ̀ fún un?"

"Òjò rọ̀. Bó ṣe wà nínú ìwé ni mo kà á. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni mo yí."

"Báwo ni n óò ṣe mọ̀?" ni Ìyá Mọ́nsúrù wí. Kò bínú sọ ọ́. Ìbéèrè ló ń béèrè.

Kí ọyẹ́ tó dé, Ìyá Mọ́nsúrù ti gba télọ̀ kan sínú yàrá ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún wa tí a wà ládùúgbò pé bí Mọ́nsúrù bá dé, kí a fi ọ̀nà Kọ́bapẹ́ hàn án, kò lè ṣìnà. Ó kó ìkòkò aró rẹ̀ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì lọ bá Adébímpé. Kò ya ẹnu ọ̀nà mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn aláró mìíràn ti jí ọnà náà yà kó tó di ìgbà náà, wọ́n ṣì ń tà á ní Ìtòkú títí di òní, wọ́n sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún oníbàárà pẹ̀lú yìnyín, ìdọ̀bálẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Tíṣà dá obìnrin kan dúró lọ́jà lẹ́ẹ̀kan láti sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní kí màmá má wulẹ̀ ba ọjà òun jẹ́.

Sátidé wá gùn fún Tíṣà. Ó gbìyànjú láti máa kàwé fún mi, mo sì gbìyànjú láti máa gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo máa ń sùn. Ó rí mi, kò bínú. Ó kàn máa ń dákẹ́ láàárín ewé méjì, bíi pé ó ń retí kí ẹnì kan ní "Ẹ dúró ná."

Lọ́dún 1986, ó wọ mọ́tò lọ sí Kọ́bapẹ́. Ó ti rí ìwé kan tó dá a lójú pé kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kó gbọ́ ọ, ìtàn àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ ń du oko kan. Ó ti ń fojú inú rí ibi tí Ìyá Mọ́nsúrù á ti bá wọn jà. Lẹ́yìn ilé ló ti bá a, ó ń sá ẹ̀gẹ́ sí oòrùn. Ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n, wọ́n kíra wọn dáadáa. Àkọ́bí Adébímpé wá kúnlẹ̀ kí àlejò, ó sì sá padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Mọ́nsúrù fi ojú tẹ̀ lé e.

"Ó kọ́kọ́ ń sá fún mi," ló wí. "Ó ní kí ìyá bàbá òun wá wẹ òun. Ṣé ẹ rí i, ọmọ tó ti tó báyìí kì í gbà kí àlejò wẹ òun. Ó ti ń mọ̀ mí díẹ̀díẹ̀."

Tíṣà mú ìwé jáde látinú báàgì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ti àwọn ìyá méjì náà, ti oko náà, ohùn rẹ̀ sì ń ga bíi ti àtijọ́. Ìyá Mọ́nsúrù gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ. Nígbà tí Tíṣà fa àga súnmọ́ ọn tó sì ṣí ewé àkọ́kọ́, Ìyá Mọ́nsúrù na ọwọ́, ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé.

"Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà," ló wí. "Ẹ fi í sílẹ̀. Tí Adébímpé bá ti ibi iṣẹ́ dé, á kà á fún mi."

Ó bu omi tútù fún un. Ó di ẹ̀gẹ́ díẹ̀ fún un pé kó mú lọ sílé, ó sìn ín dé títì, ó sì dúró tì í títí mọ́tò fi dé.